Ibn Battuta: Ohun Tó Jẹ àti Ohun Tó Kọ̀ Lójú Ọ̀nà Ìrìn Àjò

Bí àsìkò Hajj bá ti ń súnmọ́ etílé, oúnjẹ ni ọ̀rọ̀ tó máa ń pọ̀ jù lẹ́nu àwọn ìdílé wa. Ìyá yóò máa di gàrí, èlùbọ́ àti ata gígún sínú ẹrù. Bàbá tó ní àrùn ìtọ̀ ṣúgà yóò máa béèrè irú oúnjẹ tí wọ́n ń pín ní Mínà. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ wà ní Lọ́ńdọ̀nù yóò máa bi í bóyá ẹran tí wọ́n ń tà ládùúgbò rẹ̀ jẹ́ hàláàlì. Ìbéèrè àtijọ́ ni gbogbo èyí. Ọkùnrin tí a fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ lónìí fi nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún rin ayé já, ọ̀rọ̀ oúnjẹ sì ń bá a rìn láti ọjọ́ tó ti kúrò nílé: níbo ni yóò ti rí i, ta ló sè é, ta ló dúńbú ẹran inú rẹ̀, inú abọ́ ta ni wọn yóò bù ú sí.

Abu Abdullah Muhammad Ibn Battuta ni orúkọ rẹ̀. Ìlú Tangier ní ilẹ̀ Mòrókò ni wọ́n ti bí i ní ọdún 1304, ní ìdílé àwọn kádì tí wọ́n ń tẹ̀lé mádíhábù Imam Malik, mádíhábù kan náà tí àwọn àlùfáà àgbà fi kọ́ àwọn baba ńlá wa nílẹ̀ Yorùbá. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹfà ọdún 1325, ó dágbére fún baba àti ìyá rẹ̀, ó kọrí sí ọ̀nà Mọ́kà. Ọmọ ọdún 21 ni. Kò ní alábàárìn kankan, kò sì sí nínú ọ̀wọ́ oníṣòwò kankan nígbà tó jáde nílé. Kí ó tó dé Túnísì, ibà ti mú un débi pé aṣọ láwàní rẹ̀ ló fi so ara rẹ̀ mọ́ gàárì kí ó má baà ré bọ́. Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń fi wákàtí mélòó kan wọ bàálù dé Jẹ́dà, ẹ wò ó: ó lé ní ọdún kan kí ó tó fojú kan Káábà.

Ní Dàmásíkù ló ti rí bí ìlú ṣe lè múra sílẹ̀ de arìnrìn-àjò. Àwọn ọlọ́rọ̀ ìlú náà ti fi ilẹ̀, ọjà àti ilé sílẹ̀ ní wákàfù, ìyẹn ohun ìní tí ẹnikẹ́ni kò lè tà mọ́ nítorí pé wọ́n ti yà á sọ́tọ̀ fún Ọlọ́hun. Nínú owó tó ń wọlé láti ara wọn, apá kan wà fún ẹni tí kò lágbára àtilọ Hajj fúnra rẹ̀, kí wọ́n lè fún ẹlòmíràn tí yóò bá a ṣe é. Apá mìíràn wà fún arìnrìn-àjò: wọn yóò fún un ní oúnjẹ àti aṣọ, wọn yóò sì fún un ní ohun tí yóò gbé e padà délé.

Oṣù Ṣàwáálì ọdún 1326 ni ọ̀wọ́ àwọn onísìn ilẹ̀ Ṣáàmù gbéra. Ẹni tó lówó gun ràkúnmí, ẹni tí kò ní fi ẹsẹ̀ rìn. Wọ́n dúró fún ọjọ́ mẹ́rin ní Tàbúùkù láti fún àwọn ràkúnmí lómi àti láti pọn omi sínú àpò awọ, nítorí aṣálẹ̀ tó wà níwájú wọn kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú. Àwọn olóyè àti ọlọ́rọ̀ ní àgbá omi tiwọn. Àwọn tó kù ń san dírámù fún àwọn apọnmi.

Lẹ́yìn aṣálẹ̀ yẹn ni wọ́n dé al-Ula, abúlé kan tó ní ọgbà dàbínù àti omi. Níbẹ̀, wọ́n tún sinmi fún ọjọ́ mẹ́rin, wọ́n fọ aṣọ, wọ́n ra oúnjẹ, wọ́n sì fi èyí tó pọ̀ jù nínú ẹrù oúnjẹ wọn sílẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn ará abúlé náà títí wọn yóò fi padà dé, nítorí pé olóòótọ́ ènìyàn ni wọ́n. Ohun kan wà níbẹ̀ tó wù wá kí ẹ ṣàkíyèsí. Àwọn oníṣòwò Kìrìsìtẹ́nì láti ilẹ̀ Ṣáàmù máa ń bá àwọn onísìn dé al-Ula. Wọn kì í kọjá ibẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ń tà, wọ́n ń rà. Oúnjẹ tí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń lọ sí ilé Ọlọ́hun fi gbẹ́mìí ró dé Mẹ̀dínà, ọwọ́ ẹlẹ́sìn mìíràn ni wọ́n ti rà á.

Nígbà tó dé Mọ́kà, ìwà àwọn ará ìlú náà wọ̀ ọ́ lọ́kàn. Ó rí i pé ẹni tó bá fẹ́ se àsè níbẹ̀, aláìní ló kọ́kọ́ ń bọ́ kí ó tó pe àwọn àlejò rẹ̀. Àwọn tálákà máa ń dúró sídìí ààrò àwọn oníbúrẹ́dì. Ẹni tó bá ti gba búrẹ́dì rẹ̀, tó ń gbé e lọ sílé, wọn yóò tẹ̀ lé e, yóò sì fún oníkálukú ní tirẹ̀. Kódà bí ó bá jẹ́ ẹyọ búrẹ́dì kan ṣoṣo ló ní, yóò gé ìdá mẹ́ta rẹ̀ tàbí ìdajì fún wọn láìfajúro.

Lẹ́yìn Hajj, ó bá ọ̀wọ́ àwọn ará Ìráàkì padà. Nínú ọ̀wọ́ yìí, àwọn ràkúnmí kan wà tó jẹ́ pé omi fún àwọn ẹlẹ́sẹ̀ nìkan ni wọ́n ń rù. Àwọn mìíràn ru oúnjẹ sàráà, òògùn àti ṣúgà fún àwọn aláìsàn. Bí wọ́n bá ti sọ̀ kalẹ̀, wọn yóò gbé àwọn ìkòkò idẹ ńláńlá kaná, ẹni tí oúnjẹ rẹ̀ tán yóò jẹ, ẹni tí kò ní rárá yóò jẹ. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò lè gbé e mọ́, ràkúnmí wà fún un. Sultan Abu Said, ọba ilẹ̀ Ìráàkì nígbà náà, ló ń san owó gbogbo rẹ̀.

Bí ẹ bá wo ìtàn yìí dáadáa, ẹ ó rí i pé lójú ọ̀nà Hajj, ohun tí wọ́n ń bẹ̀rù ni kí oúnjẹ má tán. Kò sẹ́ni tó ń béèrè bóyá hàláàlì ni. Ìgbà tí Ibn Battuta jáde kúrò láàárín àwọn tó mọ̀ ọ́n ni ìbéèrè kejì yìí bẹ̀rẹ̀, ó sì yà wá lẹ́nu pé ọwọ́ àwọn Musulumi ẹgbẹ́ rẹ̀ ló ti kọ́kọ́ bá a.

Ní Sinop, ìlú kan létí Òkun Dúdú ní ilẹ̀ Tọ́kì, àwọn ará ibẹ̀ rí i tí òun àti àwọn ẹni rẹ̀ ń kírun tí wọ́n sọ ọwọ́ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, bí a ti mọ̀ ọ́n nínú mádíhábù Imam Malik. Mádíhábù Imam Abu Hanifa ni àwọn ará Sinop ń tẹ̀ lé, wọn kò mọ ti Malik. Àwọn kan nínú wọn ti rí àwọn Ṣíà ní Ìráàkì àti ní Hìjáàsì tí wọ́n ń kírun báyẹn, ni wọ́n bá fura sí àwọn àlejò wọn. Ibn Battuta ṣàlàyé títí, wọn kò gbà. Nígbà tó yá, ìgbákejì ọba ìlú náà fi ehoro kan ránṣẹ́ sí wọn, ó sì ní kí ìránṣẹ́ kan dúró tì wọ́n kí ó wo ohun tí wọn yóò fi ṣe. Àwọn Ṣíà kì í jẹ ehoro. Ibn Battuta dúńbú rẹ̀, wọ́n sè é, wọ́n jẹ ẹ́. Ìránṣẹ́ padà lọ jíṣẹ́, ọkàn ìlú balẹ̀, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbé oúnjẹ àlejò wá fún wọn. Àwa tí a ti rí mọ́ṣáláṣí tí ìjà fẹ́ẹ̀ ṣẹlẹ̀ lórí ká ọwọ́ lé àyà tàbí sọ ọ́ sílẹ̀, ìtàn ehoro yìí kò lè ṣàjèjì sí wa.

Láàárín àwọn Tọ́kì tó wà ní àríwá Òkun Dúdú, ọtí bàbà tí wọ́n ń pè ní búsà ni ìṣòro. Wọ́n ń gbé e fún àlejò, àwọn onímọ̀ wọn sì ní àyè wà fún un nínú mádíhábù tiwọn. Ibn Battuta kò bá wọn mu ún. Ó gbé ife padà.

Ó gba ibẹ̀ lọ sí Íńdíà, ó sì ṣe kádì ní Delhi fún ọdún mélòó kan lábẹ́ Sultan Muhammad bin Tughluq. Nígbà tí sultan rán an ní iṣẹ́ ọba lọ sí Ṣáínà, àwọn jàǹdùkú dá wọn lọ́nà nítòsí ìlú Kol, wọ́n sì jà á lólè. Ọjọ́ bíi mélòó kan ló fi ń sá kiri inú igbó ní òun nìkan. Ó jẹ èso igi ẹlẹ́gùn-ún, ó já ewé ẹ̀fọ́ nínú oko jẹ. Ó wọ abúlé kan, ó tọrọ oúnjẹ, wọn kò fún un. Nígbà tí òùngbẹ fẹ́ pa á, ó dé ibi kàǹga kan tí kò ní garawa. Ó so bàtà aláwọ rẹ̀ mọ́ aṣọ tó wà lórí rẹ̀, ó fi fa omi, ṣùgbọ́n aṣọ já, bàtà sì ré sínú kàǹga. Ó fi èkejì fà á títí ó fi mu àmuyó. Bí ó ṣe ń gé bàtà tó kù láti fi wé ẹsẹ̀, ó gbé ojú sókè, ó rí ọkùnrin aláwọ̀ dúdú kan tó gbé àpò kọ́ èjìká, tó ní ìkòkò omi àti ọ̀pá lọ́wọ́. Ọkùnrin náà sálámà sí i. Inú àpò rẹ̀ ló ti bu ẹ̀wà dúdú tí wọ́n yan pẹ̀lú ìrẹsì díẹ̀ fún un. Nígbà tí ẹsẹ̀ Ibn Battuta kò gbé e mọ́, ọkùnrin yìí gbé e sẹ́yìn, ó sì gbé e títí dé abúlé kan. Nígbà tí Ibn Battuta la ojú, kò rí i mọ́. Orúkọ tí ọkùnrin náà dá fún un túmọ̀ sí Ọkàn Aláyọ̀.

Láti ibẹ̀ a bọ́ sí etíkun Màlàbárì, ní ìwọ̀-oòrùn gúúsù Íńdíà. Lójú tiwa, ibí yìí ni ẹ̀kọ́ tó jinlẹ̀ jù nínú ìwé rẹ̀ wà fún ẹni tó ń wá oúnjẹ tí kò lòdì sí ẹ̀sìn rẹ̀. Oṣù méjì ni wọ́n fi ń rin ọ̀nà náà láti òpin dé òpin. Ọba nìkan ló ń gun ẹṣin níbẹ̀. Ẹni tí kò bá lè háyà àwọn tí yóò rù ú, ẹsẹ̀ ni yóò fi rìn ín. Lẹ́yìn ìrìn díẹ̀díẹ̀, wọ́n kọ́ ilé pákó kan tó ní ìjókòó fún arìnrìn-àjò, Musulumi àti ẹni tí kì í ṣe Musulumi. Kàǹga wà níbẹ̀, ẹlẹ́sìn Híńdù kan sì ń mójú tó o. Bí ó bá jẹ́ ẹlẹ́sìn rẹ̀ ló dé, inú ife ni yóò ti fún un lómi. Bí ó bá jẹ́ Musulumi, yóò máa da omi sí i ní àtẹ́lẹwọ́ títí yóò fi ṣe àmì pé ó tó.

Àwọn Híńdù ibẹ̀ ní èèwọ̀ tiwọn. Wọn kì í jẹ́ kí Musulumi wọ inú ilé wọn, wọn kì í sì jẹ́ kí ó jẹun nínú abọ́ wọn. Abọ́ tí Musulumi bá ti jẹun nínú rẹ̀, wọn yóò fọ́ ọ tàbí kí wọ́n fún Musulumi pátápátá. Ṣùgbọ́n wọn kò ní kí àlejò kú. Níbi tí kò bá sí Musulumi kankan, wọn yóò se oúnjẹ fún un, wọn yóò bù ú sórí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀, wọn yóò sì da ọbẹ̀ lé e. Èyí tó bá ṣẹ́kù di ti ajá àti ẹyẹ. A kò rí ìbínú nínú bí Ibn Battuta ṣe sọ ọ́. Òun náà ní ohun tí kì í jẹ, kò sì ṣe é ní kàyéfì pé ẹlòmíràn ní tirẹ̀.

Ó sọ ohun mìíràn síbẹ̀. Ní gbogbo ibùdókọ̀ọ̀kan lójú ọ̀nà oṣù méjì yìí, ilé Musulumi wà. Oníṣòwò ni wọ́n, tí wọ́n ti tẹ̀dó síbẹ̀ tipẹ́. Àwọn ni Musulumi ń dé sí lọ́dọ̀, àwọn ló ń ta ohun tó bá fẹ́ fún un, tí wọ́n sì ń bá a se oúnjẹ. Ibn Battuta gbà pé bí kì í bá ṣe tiwọn, Musulumi kankan kì bá tí lè gba ọ̀nà náà kọjá. Ẹ jẹ́ ká ro ìyẹn dáadáa. Agbára ìgbàgbọ́ arìnrìn-àjò nìkan kò tó. Ẹnìkan ní láti ti lọ ṣáájú rẹ̀, kí ó ní ọ̀bẹ, ìkòkò àti ilẹ̀kùn tó ṣí.

Kì í sì ṣe gbogbo ẹni tó ń jẹ́ orúkọ wa ló ṣe é gbára lé. Nígbà tó fẹ́ lọ láti Calicut sí Kollam, ìrìn ọjọ́ mẹ́wàá lórí odò, ó háyà Musulumi kan láti ru ẹní rẹ̀. Ọkùnrin yìí nìkan ni Musulumi tó wà pẹ̀lú rẹ̀ nínú ọkọ̀. Bí wọ́n bá ti gúnlẹ̀ ní alẹ́, inú ilé ọtí ló ń wọ̀ lọ, yóò mu ún yó, yóò sì padà wá máa bá Ibn Battuta jà.

Ohun mìíràn tó dá a lágara ni ìrẹsì. Ọdún mẹ́ta gbáko ló fi wà láàárín Màlàbárì, Maldives, Sri Lanka àti etíkun ìlà-oòrùn Íńdíà láìrí búrẹ́dì jẹ. Ó débi pé omi ló fi ń ti ìrẹsì sọ̀kalẹ̀ lọ́fun. Ẹni tí ó ti gbé ilẹ̀ òkèèrè rí, tí wọ́n ń fi ànàmọ́ bọ́ lójoojúmọ́ tí ọkàn rẹ̀ ń fà sí iyán, yóò mọ ohun tó ń sọ.

Ọdún 1344 ni afẹ́fẹ́ gbé ọkọ̀ ojú omi rẹ̀ dé erékùṣù tí à ń pè ní Sri Lanka lónìí, tí àwọn Lárúbáwá ń pè ní Sàràńdíbù. Òkè gíga kan wà níbẹ̀ tí àmì kan tó dà bí ẹsẹ̀ ènìyàn wà lórí òkúta rẹ̀. Àwọn Musulumi àtijọ́ gbà pé ẹsẹ̀ Ànábì Ádámà, kí ọlà Ọlọ́hun máa bá a, ni. Àwọn ẹlẹ́sìn Búdà ní ti Búdà ni. Àwa kò ní kí ẹnikẹ́ni di ẹrù láti lọ bẹ̀ ẹ́ wò. Mọ́ṣáláṣí mẹ́ta tí Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun ní kí a di ẹrù lọ kì í ṣe ohun àṣírí fún ìdílé Musulumi kankan. Ṣùgbọ́n ní ayé Ibn Battuta, àwọn onísìn láti oríṣiríṣi ilẹ̀ ń fi ẹsẹ̀ gun òkè náà, òun náà kò sì béèrè ohun mìíràn lọ́wọ́ Arya Chakravarti, ọba ibẹ̀, tí kì í ṣe Musulumi ṣùgbọ́n tó gbọ́ èdè Páṣíà. Ọba fún un ní àwọn ẹrú tí yóò fi àga rù ú ní pẹ̀tẹ́lẹ̀, àwọn olùfọkànsìn Híńdù mẹ́rin tó ń gun òkè náà lọ́dọọdún, àlùfáà Híńdù mẹ́ta, mẹ́wàá nínú àwọn ìránṣẹ́ rẹ̀, àti ọkùnrin mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí iṣẹ́ wọn kò ju kí wọ́n ru oúnjẹ lọ. Omi kò wọ́n lójú ọ̀nà náà, ṣùgbọ́n ọjà kò sí nínú igbó.

Ojú ọ̀nà yìí ni wọ́n ti sọ ìtàn Sheikh Abu Abdullah Ibn Khafif fún un. Ará Shiraz ni sheikh yìí, ọdún 982 ló sì kú, ó ju 360 ọdún lọ ṣáájú ìgbà tí Ibn Battuta gbọ́ ìtàn náà. Nítorí náà ìtàn ẹnu ni, bí a ṣe gbọ́ ọ la ṣe ń sọ ọ́. Wọ́n ní sheikh yìí àti bí ọgbọ̀n àwọn tálákà ẹlẹ́sìn ń lọ sí òkè náà, wọ́n ṣìnà nínú igbó níbi tí kò sí ilé kankan. Oúnjẹ tán. Erin pọ̀ níbẹ̀. Àwọn ènìyàn rẹ̀ ní kí ó jẹ́ kí àwọn mú ọ̀kan nínú àwọn ọmọ erin, ó kọ̀ fún wọn. Nígbà tí ebi borí wọn, wọ́n ṣe tinú wọn: wọ́n mú ọmọ erin kan, wọ́n dúńbú rẹ̀, wọ́n jẹ ẹ́. Sheikh kò fọwọ́ kàn án. Ní òru, nígbà tí wọ́n sùn, àwọn erin péjọ láti ibi gbogbo. Wọ́n ń gbóòórùn wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹni tí wọ́n bá ti gbóòórùn rẹ̀, wọn a pa á, títí gbogbo wọn fi tán. Wọ́n gbóòórùn sheikh, wọn kò ṣe é ní nǹkan kan. Ọ̀kan nínú wọn fi ọwọ́jà gbé e sẹ́yìn, ó gbé e dé ibi tí ènìyàn ń gbé, ó sì rọra sọ ọ́ kalẹ̀.

Ibn Battuta ní láti ọjọ́ yẹn ni àwọn ará erékùṣù náà, tí wọn kì í ṣe Musulumi, ti ń bu ọlá fún Musulumi. Wọ́n ń gbà wọ́n sínú ilé, wọ́n sì ń bá wọn jẹun pọ̀, ohun tí àwọn Híńdù Màlàbárì kì í ṣe. Ẹnì kan lè bi wá pé, ṣebí Súrátùl-Bàkárà gba ẹni tí ebi fẹ́ pa láyè láti jẹ ohun tí wọ́n ṣe ní èèwọ̀ fún un? Bẹ́ẹ̀ ni, ó gbà á láyè, láìkọjá ààlà, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ fi ìtàn erin pa òfin yẹn rẹ́. Àwọn onímọ̀ pàápàá kò fẹnu kò lórí ẹran erin. Ṣùgbọ́n wọ́n ní aṣíwájú kan láàárín wọn, ó kọ̀ fún wọn, wọ́n sì ṣe é lójú rẹ̀. Ibẹ̀ ni ìtàn náà dúró sí.

Ní ìlú kan tí wọ́n ń pè ní Kunakar, kí wọ́n tó gun òkè, mọ́ṣáláṣí kan wà lẹ́yìn odi tó jẹ́ ti Sheikh Uthman, òun náà ará Shiraz. Òun ló máa ń mú àwọn onísìn lọ sí òkè tẹ́lẹ̀. Ọwọ́ kan àti ẹsẹ̀ kan ni wọ́n gé lára rẹ̀, nítorí pé ó dúńbú màlúù. Hàláàlì pọ́nńbélé ni màlúù lọ́dọ̀ wa, ohun tí a fi ń ṣe Iléyá ni. Nínú òfin àwọn tó ń gbé láàárín wọn, ẹni tó bá pa màlúù, pípa ni wọn yóò pa á bí ó ti pa á, tàbí kí wọ́n fi awọ rẹ̀ dì í, kí wọ́n sì dáná sun ún. Nítorí pé wọ́n bọ̀wọ̀ fún Sheikh Uthman, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ni wọ́n gé, wọ́n sì fi owó tó ń wọlé ní ọjà kan sílẹ̀ fún ìjẹ-mímu rẹ̀. Ọba àti ará ìlú ń lọ kí i. Àwọn ọmọ rẹ̀ àti ẹrú rẹ̀ ló gba iṣẹ́ mímú àwọn onísìn lọ sí òkè. Ìtàn yìí kò dùn ún sọ. Àwọn ọmọ wa tó ń gbé láàárín àwọn ẹlẹ́sìn mìíràn nílò rẹ̀ ju ìtàn erin lọ, nítorí pé ohun tó jẹ́ hàláàlì fún ni kì í ṣe dandan ní gbogbo ibi.

Gígun òkè fúnra rẹ̀ kò gùn nínú ìwé rẹ̀. Èṣúṣú pọ̀ nínú koríko, àwọn onísìn sì máa ń mú ọsàn wẹ́wẹ́ dání láti fún un sí èyí tó bá lẹ̀ mọ́ wọn lára. Ẹ̀wọ̀n irin mẹ́wàá ni wọ́n kàn mọ́ àpáta tí wọ́n fi ń gòkè. Ó wà nínú ihò àpáta kan fún ọjọ́ mẹ́ta, ó ń lọ wo àmì ẹsẹ̀ náà láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, ó sì gba ọ̀nà mìíràn sọ̀ kalẹ̀.

Ó dé Ṣáínà lẹ́yìn èyí. Ó rí ẹran ẹlẹ́dẹ̀ àti ẹran ajá tí wọ́n ń tà lọ́jà, ọkàn rẹ̀ kò sì balẹ̀ rárá. Inú ilé ló ń jókòó sí. Ṣùgbọ́n àdúgbò Musulumi wà nínú gbogbo ìlú ńlá ibẹ̀, inú àwọn oníṣòwò wọn sì máa ń dùn débi pé ọ̀dọ̀ àlejò tó jẹ́ Musulumi ni wọ́n ń kó sàká wọn wá. Níbẹ̀ ló ti pàdé ọ̀gbẹ́ni al-Bushri, ọmọ ìlú Ceuta, ìlú tí kò jìnnà sí Tangier rárá. Àwọn méjèèjì sunkún. Nígbà tí Ibn Battuta padà dé Mòrókò ní ọdún 1349, ó bá a pé àjàkálẹ̀ àrùn ti pa ìyá rẹ̀. Baba rẹ̀ ti kú tipẹ́. Nígbà tó sì tún gbéra lọ sí ilẹ̀ àwọn aláwọ̀ dúdú ní ọdún 1352, ọ̀dọ̀ arákùnrin al-Bushri yẹn, ní ìlú Sijilmasa tó wà létí aṣálẹ̀, ló ti rí ibi dé sí.

Ìrìn yìí ló mú un sún mọ́ wa jù lọ. Ilẹ̀ Mali ló lọ, ilẹ̀ tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé orúkọ rẹ̀ la ti mú Ìmàle tí wọ́n ń pe ẹ̀sìn wa. Láti Walata lọ sí olú ìlú, ó rí i pé kò sí ìdí láti ru oúnjẹ. Òkúta iyọ̀ díẹ̀, ìlẹ̀kẹ̀ àti òórùn dídùn ni wọ́n ń mú dání. Bí àlejò bá dé abúlé, àwọn obìnrin yóò gbé wàrà, adìyẹ, ìrẹsì, ìyẹ̀fun ẹ̀wà àti ọkà wẹ́wẹ́ kan jáde wá, yóò ra èyí tó bá wù ú. Ó rí ẹ̀wà kan tí wọ́n ń wà láti inú ilẹ̀, tí wọ́n ń lọ̀, tí wọ́n sì ń fi òróró èso igi kan dín. Òróró yẹn kan náà ni wọ́n ń tan fìtílà, ni wọ́n ń fi para. A kò nílò ìtúmọ̀: òrí ni, ohun tí wọ́n sì ń dín jọ àkàrà.

Mansa Sulayman, ọba Mali, fi oúnjẹ àlejò ránṣẹ́ sí i: búrẹ́dì pẹlẹbẹ mẹ́ta, ẹran màlúù kan tí wọ́n fi òrí dín, àti igbá wàrà kíkan. Aṣọ ńlá àti owó ló ń retí. Ẹ̀rín ló rín. Lójú tiwa, oúnjẹ tó dára ni, ó sì yẹ kí ó dúpẹ́. Ìdájọ́ rẹ̀ lórí àwọn ará ibẹ̀ kò fì sí apá kan ṣá: ó yìn wọ́n gidigidi fún irun kíkí àti kíkọ́ ọmọ ní Al-Kùránì, ó sì bá wọn wí pé ọ̀pọ̀ wọn ń jẹ òkúǹbete, ajá àti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́.

Kì í ṣe èyí tó jẹ́ èèwọ̀ ló fẹ́ pa á níbẹ̀. Ọjọ́ mẹ́wàá lẹ́yìn tí wọ́n dé, wọ́n jẹ òkèlè kan tí wọ́n fi ohun tó jọ kókò rò, oúnjẹ tí àwọn ará ìlú fẹ́ràn ju gbogbo oúnjẹ lọ. Àwọn mẹ́fà ló jẹ ẹ́, àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ló ṣàìsàn, ọ̀kan nínú wọn sì kú. Ibn Battuta dákú níbi tó ti ń kí irun Àsùbá. Ará Íjíbítì kan fún un ní egbò igi tí wọ́n pò mọ́ ṣúgà, ó bì, ara rẹ̀ sì fúyẹ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n oṣù méjì ló fi ṣàìsàn náà.

Ó padà sí Mòrókò lẹ́yìn èyí, kò sì tún rìn jìnnà mọ́. Sultan Abu Inan ní kí ó ka gbogbo ohun tó rí fún akọ̀wé kan, Ibn Juzayy, tó kọ ọ́ sílẹ̀. Oṣù kejìlá ọdún 1355 ni Ibn Battuta parí tirẹ̀. Ó ṣe kádì ní ìlú kan nínú ilẹ̀ náà títí ó fi kú ní nǹkan bí ọdún 1368. Kí Ọlọ́hun kẹ́ ẹ, kí Ó sì kẹ́ àwọn onílé Màlàbárì tí kò dárúkọ wọn.